Ohun Ìṣeré Dáínósọ̀ àti Ohun Ìrántí Sinimá: Ohun tí Àkójọ Wọn Lè Fi Hàn Wá ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun

Ìfáárà

Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ lórí sinimá Yorùbá kì í ṣe kékeré mọ́. A ti rí iṣẹ́ lórí èdè àwọn òṣèré, lórí àṣà tí ó ń hàn nínú eré, lórí ipò obìnrin, àti lórí bí eré alárìnjò ṣe di eré orí ìtàgé, tí eré orí ìtàgé sì di fíìmù. Ohun tí a kò fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí ni àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí ń bá sinimá rìn: pósítà tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, páálí tí a fi ń di kásẹ́ẹ̀tì, tíkẹ́ẹ̀tì, kàlẹ́ńdà, àwo rẹ́kọ́ọ̀dù tí a gbé eré sí, àti ohun ìṣeré ọmọdé tí a fi àwòrán inú fíìmù ṣe. Ní òkè òkun, irú nǹkan báyìí ti di ohun tí àgbàlagbà ń fi owó gidi wá kiri, tí wọ́n sì ń tò sínú yàrá. Lọ́dọ̀ tiwa, òun ni a fi ń dáná tàbí tí a fi ń di àkàrà.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń di àkójọ tòótọ́. A ó fi dáínósọ̀, ẹranko ayé àtijọ́ tí sinimá sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ṣe àpẹẹrẹ láti òkè òkun. Lẹ́yìn náà ni a ó yẹ ohun ìrántí sinimá wò ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. Èrò wa ni pé kì í ṣe rọ́bà tàbí bébà ni akójọ ń rà. Ẹ̀rí ni ó ń rà: ọdún tí a ṣe nǹkan, ẹni tí ó ṣe é, ibi tí ó ti wá, ohun tí ó bá a jáde láti ilé-iṣẹ́. Bí ẹ̀rí bá sọnù, ohun tí ó ṣẹ́kù kò ju ìṣeré lásán lọ. Ẹ̀rí yìí gan-an ni àwa sì máa ń kọ́kọ́ dà nù.

Ìlú méjèèjì

Ìlobùú ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n-Ọ̀ṣun sì ni ti Ìjọba Ìbílẹ̀ Òrolú. Ojú ọ̀nà tí ó ti Òṣogbo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn méjèèjì wà, wọ́n sì súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò kì í fi tètè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ọlọ́bùú ni ọba Ìlobùú, Olúfọ́n ni ọba Ìfọ́n. Erinlẹ̀, ọdẹ tí ìtàn sọ pé ó di odò, ni òrìṣà tí a mọ̀ mọ́ Ìlobùú. Òrìṣà Olúfọ́n ni ti Ìfọ́n, òun náà sì ni àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ní Bùràsíìlì ń pè ní Oxalufã títí di òní.

Ohun méjì ni ó mú kí ìlú wọ̀nyí bá ọ̀rọ̀ wa mu. Èkíní ni pé Òṣogbo, tí kò jìnnà sí wọn, jẹ́ ibùdó eré orí ìtàgé Yorùbá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní ọdún 1962, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Dúró Ládiípọ̀, ti Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti ti Oyin Adéjọbí fi ṣe ilé. Ìlú tí ó wà ní ìtòsí irú ibùdó bẹ́ẹ̀ kò ní í ṣàì rí pósítà eré. Ohun kejì ni pé Ìlobùú ti mọ akójọ rí. Ulli Beier àti Susanne Wenger gbé ní Ẹdẹ àti ní Ìlobùú kí wọ́n tó fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo. Ní ọdún 1957, Beier tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn ère òrìṣà inú ìlú kékeré kan nílẹ̀ Yorùbá. Ìlobùú ni ìlú kékeré náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú ère tí ó wà nínú ojúbọ ìlú yìí ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, ìwé yẹn ni yóò wá kiri. A óò padà sí ọ̀rọ̀ yìí.

Dáínósọ̀: ẹranko, sinimá àti ọjà

Dáínósọ̀ ni orúkọ tí a ń pe oríṣìíríṣìí ẹranko tí ó bá ọ̀nì àti ẹyẹ tan, tí wọ́n gbé ayé ní àìmọye mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Wọ́n kú àkúrun ní nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́rìndínláàádọ́rin (66) ọdún sẹ́yìn, àyàfi ẹ̀yà kan nínú wọn tí àwọn ẹyẹ òde òní ti ṣẹ̀ wá. Egungun wọn tí ó ti di òkúta nínú ilẹ̀ ni a fi mọ̀ wọ́n. Richard Owen, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó sọ wọ́n lórúkọ ní ọdún 1842. Ní ọdún 1854, Benjamin Waterhouse Hawkins gbé ère ńláńlá wọn kalẹ̀ sí ọgbà Crystal Palace ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ṣe ẹ̀dà kékeré wọn fún títà, kí àwọn olùkọ́ lè máa fi wọ́n kọ́ni. Ó yẹ kí àwa tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni fi èyí sọ́kàn: gẹ́gẹ́ bí ohun èlò ìkọ́ni ni dáínósọ̀ kékeré kọ́kọ́ fi wọ ọjà, kí ó tó di ohun ìṣeré.

Rọ́bà ni ó sọ ọ́ di ti gbogbo ọmọ. Láti àárín àwọn ọdún 1950 ni ilé-iṣẹ́ Louis Marx ní Amẹ́ríkà ti ń ta dáínósọ̀ rọ́bà. Níbi ìpàtẹ àgbáyé tí ó wáyé ní New York ní ọdún 1964 sí 1965, ilé-iṣẹ́ epo Sinclair, tí dáínósọ̀ jẹ́ àmì ìdánimọ̀ rẹ̀, gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tí ẹni tí ó bá sọ owó sí i lẹ́nu yóò rí i bí ó ṣe ń mọ dáínósọ̀ kékeré fún un lójú ẹsẹ̀. Ní Bìrìtìkó, ilé-iṣẹ́ Invicta bẹ̀rẹ̀ sí ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1974 pẹ̀lú àṣẹ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó ń rí sí ohun ẹlẹ́mìí ní Lọ́ńdọ̀nù. Nítorí àṣẹ yìí, àwọn akójọ ka ti Invicta sí ohun tí ó súnmọ́ òótọ́ jù ní àkókò rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní.

Sinimá ni ó wá yí gbogbo rẹ̀ padà. Nígbà tí George Lucas gbé Star Wars jáde ní ọdún 1977, ó ti rí i dájú pé ẹ̀tọ́ lórí ọjà tí a bá fi orúkọ fíìmù náà tà wà lọ́wọ́ òun. Ilé-iṣẹ́ Kenner tí ó gba àṣẹ ohun ìṣeré kò rò pé èrò yóò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kérésìmesì dé, ọjà kò tí ì sí nílẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ta páálí tí kò sí ère kankan nínú rẹ̀. Ìwé àdéhùn ni ó wà níbẹ̀, pé bí ọdún bá yí, wọn yóò fi ère mẹ́rin ránṣẹ́ sí ọmọ. Ẹni tí ó bá ti dá àjọ rí yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìfọkàntán nìyẹn. Lónìí, páálí òfìfo yẹn wà lára ohun tí àwọn akójọ Star Wars ń wá jù. Bí a bá ní pé rọ́bà ni wọ́n ń rà, kí ni a ó sọ nípa páálí òfìfo?

Jurassic Park, tí Steven Spielberg darí rẹ̀ láti inú ìwé ìtàn àròsọ Michael Crichton, jáde ní ọdún 1993. Kenner yìí kan náà ni ó ṣe ohun ìṣeré rẹ̀. Wọ́n tẹ àmì «JP» mọ́ àwọn dáínósọ̀ náà lára bí ẹni sàmì sí màlúù. Àwọn kan nínú wọn ní ẹran kan ní ìhà tí a lè yọ, tí egungun ìhà yóò fi hàn bí ìgbà tí ẹranko ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bù ú jẹ. Ẹ̀ka kékeré yìí, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ni ó máa ń kọ́kọ́ sọnù. Ìdí nìyí tí akójọ fi máa ń bèèrè bóyá ó pé. Ó tún máa ń bèèrè páálí rẹ̀. Ọmọ tí ó gba ohun ìṣeré ní ọdún 1993 fa páálí ya ni. Ohun tí ó tọ́ kí ọmọ ṣe nìyẹn. Nítorí pé gbogbo ọmọ fà á ya, ìwọ̀nba tí wọn kò fà ya di ọ̀wọ́n.

Láti ọdún 2018 ni Mattel ti gba iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ kan tí ó pè ní Hammond Collection, orúkọ bàbá àgbà tí ó dá ọgbà ẹranko sílẹ̀ nínú fíìmù àkọ́kọ́. Àgbàlagbà akójọ ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Èrò tiwa ni pé ohun tí a ti ọjọ́ tí a ti ṣe é pè ní ohun àkójọ kò ní í ṣọ̀wọ́n bí èyí tí a ṣe fún ọmọdé láti fi ṣeré, nítorí pé gbogbo ẹni tí ó rà á ni yóò tọ́jú páálí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí kò kan ọjà tí ń bọ̀ sí ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀nà méjì ni dáínósọ̀ ń gbà dé Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. Tuntun ń ti Ṣáínà wá, nínú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, láìsí orúkọ fíìmù tàbí ti ẹ̀yà ẹranko lára rẹ̀. Ìgbà ọdún Iléyá àti ti Kérésìmesì ni ó máa ń pọ̀ lórí àtẹ. Èkejì ni tòkunbọ̀, tí ń gba Kùtọnu tàbí Èkó wọlé pẹ̀lú àlòkù aṣọ àti bàtà. A ti rí ọ̀kan rí lórí àtẹ olóòkìrìkà kan ní Ìlobùú: dáínósọ̀ ńlá tí àwọ̀ rẹ̀ pupa, tí ihò wà ní ìhà rẹ̀, tí àmì «JP» sì wà lára rẹ̀. Ọlọ́jà náà tilẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ pé ó ti bàjẹ́, kí a fún òun ní ohunkóhun. Ihò tí ó fi ń bẹ̀bẹ̀ yẹn ni ilé-iṣẹ́ dìídì dá sí i lára. Àwọn ọmọ tí ó dúró tì wá ń pè é ní aláǹgbá, òmíràn ní ọ̀nì ni.

Egungun tí ó jóná ní Munich

Ohun tí àwọn ọmọ yẹn kò mọ̀, tí a kò sì fi kọ́ wọn, ni pé kò yẹ kí dáínósọ̀ ṣe àjèjì sí wọn. Orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r tí ó pa ààlà pẹ̀lú wa ní àríwá wà lára ibi tí a ti hú egungun dáínósọ̀ jù ní Áfíríkà. Ní Gadoufaoua, nínú aṣálẹ̀ Ténéré, ni a ti rí Ouranosaurus nigeriensis ní àárín àwọn ọdún 1960. Philippe Taquet, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1976. Egungun ọ̀kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Niamey, òmíràn wà ní Venice ní Ítálì. Paul Sereno àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàpèjúwe Suchomimus ní ọdún 1998, wọ́n sì ṣàpèjúwe Nigersaurus ní ọdún 1999, ẹranko ajewéko tí eyín rẹ̀ lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta (500). Àwọn orúkọ wọ̀nyí ti wà lára ohun ìṣeré tí àwọn ọmọ òyìnbó fi ń ṣeré.

Èyí tí ó kan ọ̀rọ̀ wa jù ni Spinosaurus. Láti Íjíbítì ni egungun rẹ̀ ti wá. A hú u ní ọdún 1912, Ernst Stromer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, sì ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1915. Wọ́n gbé egungun náà lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Munich. Ní oṣù kẹrin ọdún 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bọ́ǹbù jó ilé náà, egungun náà sì jóná ráúráú. Bí ó bá jẹ́ pé egungun nìkan ni Stromer kó jọ, Spinosaurus ì bá ti kú àkúrun lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n ó ti ya àwòrán egungun kọ̀ọ̀kan, ó ti wọ̀n wọ́n, ó sì ti kọ ibi tí wọ́n ti hú u sílẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 2000, wọ́n tún rí fọ́tò egungun náà nínú àkójọ ìwé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn. Nínú Jurassic Park III ti ọdún 2001, Spinosaurus ni ó pa ọ̀gá ẹranko inú fíìmù àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ káàkiri ayé sì ní ère rọ́bà rẹ̀. Ìwé àti àwòrán ni ó gbé ẹranko yìí dé ọwọ́ wọn, nítorí pé egungun tí a fi mọ̀ ọ́n kò sí mọ́.

Ọmọlangidi àti ère ìbejì

Kí a tó dé orí sinimá tiwa, ó yẹ kí a rántí pé ohun ìṣeré kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Ọmọlangidi ni ọmọbìnrin fi ń ṣeré ìyá. Igi gbígbẹ́ ni, a máa gbé e pọ̀n, a máa wọṣọ fún un. Àwọn ọmọkùnrin a máa fi agolo àti ìdérí ìgò ṣe mọ́tò. Ère ìbejì, ní tirẹ̀, kì í ṣe ohun ìṣeré: ojú ọmọ tí ó kú ni a fi ń wò ó, a ń wẹ̀ ẹ́, a ń bọ́ ọ. Síbẹ̀, òun ni àwọn akójọ ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kó jù, pàápàá láti àwọn ọdún 1960 síwájú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó dé ọ̀hún láìsí orúkọ ìdílé, láìsí orúkọ agbẹ́gilére. Ère dé ibẹ̀, ẹ̀rí kò dé ibẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà yani lẹ́nu. Ní àwọn ọdún 1970, Marilyn Houlberg ṣàkíyèsí pé àwọn ìdílé kan nílẹ̀ Yorùbá ti ń lo ọmọ rọ́bà tí a rà lọ́jà dípò ère igi fún ìbejì tí ó kú. Stephen Sprague náà rí i ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yìí kan náà, pé fọ́tò ni àwọn mìíràn ń lò: onífọ́tò yóò ya ìbejì tí ó kù, yóò sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan kí ó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì ni ó jókòó. Nítorí náà, ohun ìṣeré tí ilé-iṣẹ́ ṣe lè di ohun àbọ̀wọ̀ fún bí a bá ti mọ ẹni tí ó dúró fún. Àwọn akójọ òkè òkun kò sọ ju èyí lọ.

Ohun ìrántí sinimá tiwa

Ní ọdún 1976 ni Ọlá Balógun gbé Àjàní Ògún jáde, pẹ̀lú Adé Afọláyan tí a mọ̀ sí Adé Love. Hubert Ògúndé tẹ̀ lé e pẹ̀lú Ayé ní ọdún 1979, Jáyésinmi ní 1980, Àròpin N'Tènìà ní 1982 àti Àyànmọ́ ní 1988. Mósè Ọláìyá Adéjùmọ̀, Baba Sálà, ṣe Ọ̀run Móoru ní ọdún 1982. Àwọn tí ó ni fíìmù wọ̀nyí fúnra wọn ni wọ́n ń gbé e kiri, láti gbọ̀ngàn ìlú dé gbọ̀ngàn ilé-ìwé, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìṣàfihàn àti jẹnẹrétọ̀. Pósítà ni ó máa ń ṣíwájú wọn wọ ìlú. Ó wọ́pọ̀ kí a fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ pósítà, kí a lè fi ọwọ́ kọ ọjọ́, ibi ìṣeré àti iye owó ìwọlé sí i. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí ohun tí àyè kékeré yìí jẹ́. Fíìmù kan náà ni gbogbo ìlú wò, ṣùgbọ́n pósítà tí a kọ gbọ̀ngàn kan ní Ìfọ́n sí, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye owó, ti di ìwé ìtàn Ìfọ́n. Kò sí ibòmíràn tí a ti lè ka iye tí àgbẹ̀ kan san láti wo Ògúndé ní ọdún náà.

Ọ̀run Móoru ni ó fi ìpalára hàn jù. Àwọn olè jí ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ tà lórí kásẹ́ẹ̀tì, gbèsè tí Baba Sálà jẹ nítorí rẹ̀ kò sì tán bọ̀rọ̀. Ó kú ní ọdún 2018. Kásẹ́ẹ̀tì olè kò ní páálí gidi, kò ní orúkọ òṣèré, kò ní ọdún. Ẹni tí ó ra irú rẹ̀ ra eré, kò ra ẹ̀rí. A kò gbọ́ rí pé ilé-iṣẹ́ kan fi rọ́bà ṣe Baba Sálà fún ọmọdé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmúra rẹ̀ yẹ bẹ́ẹ̀: awò ojú gbàǹgbà, táì bí apá ẹyẹ, aago ńlá tí ó yẹ kí ó wà lórí tábìlì. Àwọn ọmọ ìgbà náà kò dúró de ilé-iṣẹ́. Wáyà ni wọ́n tẹ̀ ṣe awò, páálí ni wọ́n gé ṣe aago. Irú ohun ìṣeré bẹ́ẹ̀ kì í ju ọjọ́ mélòó kan lọ, bóyá ìdí sì nìyẹn tí kò fi sí ìkankan nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kankan tí a mọ̀.

Atọ́ka ni ó yẹ kí a fún ní àyè jù. Ìwé ìròyìn alápèjúwe ni, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967. Fọ́tò ni wọ́n fi ń sọ ìtàn eré nínú rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ òṣèré yóò wà nínú ìlà róbótó lẹ́bàá ẹnu rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé ni ó ń kópa. Ó yẹ kí a rántí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí kò kọ eré wọn sílẹ̀; ọ̀gá yóò sọ ìtàn, òṣèré yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ dá ọ̀rọ̀ sí i. Bí ọ̀gá bá kú, bí ẹgbẹ́ bá túká, eré náà a bá wọn lọ. Fún irú eré bẹ́ẹ̀, Atọ́ka lè jẹ́ ibi kan ṣoṣo tí ojú òṣèré, aṣọ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti wà pa pọ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ ṣì wà nínú àwọn àpótí ní ilé àwọn àgbàlagbà. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ kò ní ẹ̀yìn mọ́. Ẹ̀yìn ni ó kọ́kọ́ ń ya, ẹ̀yìn náà sì ni nọ́ńbà àti ọjọ́ ìtẹ̀jáde wà.

Nígbà tí fídíò gba ilẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, páálí kásẹ́ẹ̀tì bọ́ sí ipò pósítà. Tí Olúwa Nilẹ̀ tí Túndé Kèlání darí jáde ní ọdún 1993, Saworoidẹ jáde ní 1999, kí síídì tó lé kásẹ́ẹ̀tì kúrò. Páálí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ń sọ orúkọ òṣèré, ti olùdarí, ti ẹni tí ó fi owó sílẹ̀, àti àṣẹ àjọ tí ń yẹ fíìmù àti fídíò wò, èyí tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀. Ó tún ń fi hàn bí a ti ń kọ àkọlé Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá láìpẹ́ ọjọ́. Onígbàjámọ̀ kan wà ní ìlú méjèèjì yìí tí páálí bẹ́ẹ̀ bo ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. A bèèrè ìdí tí ó fi ń lẹ̀ wọ́n. Ó ní kí oníbàárà má baà sùn ni. Akójọ ni ọkùnrin náà, kò kàn mọ orúkọ tí a ń pè é ni.

Iná, ikán àti pẹ́ńsù

Ewu tí ó wà fún àkójọ inú ilé pọ̀. Ní ọdún 2025, ìjà lórí ilẹ̀ láàárín Ìlobùú, Ìfọ́n-Ọ̀ṣun àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun le débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ kéde kónílé-ó-gbélé. Ẹ̀mí sọnù, ilé jóná. A kò fẹ́ dá ẹjọ́ ilẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀. Ohun tí ó kàn wá ni pé ilé tí ó bá jó, àpótí inú rẹ̀ ti jó: fọ́tò ìgbéyàwó, ìwé ilẹ̀, Atọ́ka, rẹ́kọ́ọ̀dù. Ìlú méjèèjì ni ó jọ wo eré kan náà nínú gbọ̀ngàn ara wọn, nítorí náà ohun tí ó jóná ní ọ̀kan jẹ́ ẹ̀rí fún èkejì.

Kò yẹ kí a dúró de ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Òótọ́ ni pé ibùdó ìmọ̀ àṣà tí a dá sílẹ̀ ní Òṣogbo ní ọdún 2009, tí apá kan àkójọ Beier wà níbẹ̀, kò jìnnà. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí ó tọ́jú nǹkan fún àádọ́ta ọdún kì í fẹ́ kí a gbé e lọ, kò sì yẹ kí a fi agbára mú un. Ohun tí Stromer ṣe ni a lè ṣe. Olùkọ́ lè fún akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ yìí nígbà ìsinmi: kí ó wá ohun ìrántí sinimá kan tàbí ohun ìṣeré kan nínú ilé àwọn òbí rẹ̀ àgbà, kí ó fi fóònù ya iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó sì bèèrè ọdún tí ó wọlé, ẹni tí ó rà á, àti ibi tí wọ́n ti wo eré náà. Kí ó fi nǹkan náà sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín. Kí fọ́tò àti àkọsílẹ̀ má sì wà ní ojú kan ṣoṣo. Kí ọ̀kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́, kí òmíràn wà lọ́wọ́ ìdílé.

Ní ti ìtọ́jú, ikán ni olórí ọ̀tá. Àpótí kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Orí òkúta tàbí bíríkì ni kí ó jókòó lé, ní yàrá tí òjò kì í jò sí. Kí a má ṣe fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tí ó ya, nítorí pé gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń pọ́n bébà, á sì jẹ ẹ́ tán. Kí a má ṣe ká pósítà, kí a tẹ́ ẹ nílẹ̀ gbalaja láàárín páálí méjì. Rọ́bà kò fẹ́ oòrùn. Dáínósọ̀ tí ó bá ń jókòó sójú fèrèsé yóò ṣá. Rẹ́kọ́ọ̀dù ń fẹ́ ìnàró, nítorí pé bí a bá tò wọ́n lé ara wọn, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ yóò tẹ̀. Ẹ̀yìn pósítà ni kí a kọ ọ̀rọ̀ sí, pẹ̀lú pẹ́ńsù, kì í ṣe bírò, nítorí bírò a máa là dé iwájú: orúkọ ìlú, orúkọ gbọ̀ngàn, ọdún bí a bá mọ̀ ọ́n, àti orúkọ ẹni tí ó tọ́jú rẹ̀ títí di ọjọ́ náà, bí ó bá gbà kí a kọ ọ́.